Ẹ Wo "s" Tó Wà Nínú Orúkọ OAUTHC: Bí Àwọn Ilé Ìwòsàn Náà Ṣe Pín Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ OAUTHC gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka orúkọ náà tán: Obafemi Awolowo University Teaching Hospitals Complex. "Hospitals" ni wọ́n kọ, kì í ṣe "Hospital". "s" yẹn kì í ṣe àṣìkọ. Ilé ìwòsàn náà ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì sí lójú kan. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi gbogbo òwúrọ̀ tò sórí ìlà níbi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé tuntun kan ni wọ́n kọ́ fún UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní Ifẹ̀. Wọ́n kó àwọn ilé ìwòsàn tó ti wà nílẹ̀ jọ sábẹ́ ìṣàkóso kan, títí kan Wesley Guild ní Iléṣà, tó jẹ́ pé àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀. Èrò wọn ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò, kó sì gòkè dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà dókítà láìjẹ́ pé okùn náà já láàárín.

Báwo ni wọ́n ṣe wá pín iṣẹ́? Ìpele àkọ́kọ́ ni àwọn ilé ìlera bíi ti Eléyẹlé ní Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń gba ìtọ́jú ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ìtọ́jú aboyún àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Wesley Guild ní wọ́ọ̀dù, yàrá iṣẹ́ abẹ àti àwọn àgbà dókítà tirẹ̀, kí ará Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ má baà gbé gbogbo aláìsàn wá sí Ifẹ̀, tó jìnnà tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ife Hospital Unit, èyí tí a mọ̀ jù, ló ń gba àwọn àìsàn tó ti kọjá agbára àwọn yòókù. Ti eyín ní ilé tirẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò yìí rí. Bí ìpele àkọ́kọ́ kò ṣe lè ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá kò lè mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abúlé ní ilé-dé-ilé.

Ìmẹ̀sí-Ilé fi èyí hàn kí wọ́n tó dá OAUTHC sílẹ̀ rárá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ déédéé, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń mú káàdì náà lọ sílé. Tí ìlà orí káàdì bá dúró sójú kan tàbí tó ń lọ sílẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ tó rù hangogo. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí.

Káàdì ìyá yẹn jẹ́ ká rí ohun tó so gbogbo ètò náà pọ̀: àkọsílẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ ìpele àkọ́kọ́ bá rí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, á kọ lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní referral. Lẹ́tà náà á sọ ohun tó rí, oògùn tó ti lò, àti ìdí tó fi ní kí aláìsàn máa lọ síwájú. Tí kò bá sí i, dókítà tó wà lókè á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó sì yẹ kí lẹ́tà mìíràn padà wálẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, kí nọ́ọ̀sì àdúgbò lè máa bá a lọ. Ibi tí okùn ti sábà ń já nìyẹn: aláìsàn á padà sílé, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Kí ni kí a wá ṣe? Tó bá jẹ́ ibà tàbí orí fífọ́ lásán, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó sún mọ́ yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ síwájú, ẹ gba lẹ́tà yín, ẹ sì ka orúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sí i, nítorí Ifẹ̀ nìkan kọ́ ni OAUTHC wà. Kí ẹ tó kúrò lókè, ẹ béèrè ìwé tí ẹ máa mú padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jàm̀bá ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá tàbí èémí tó ń há, ẹ má dúró gba lẹ́tà kankan. Ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ tààrà.