Olóyè Adébọ̀ àti Gbèsè Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa ní Ọ̀tan Ayégbajú, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyọnu owó ẹgbẹ́ ìlú, ẹjọ́ tí a fẹ́ rò lónìí kò ní ṣe àjèjì sí yín. Bí ìlú bá dá owó iṣẹ́ kan, tí ọlọ́rọ̀ méjì wí pé àwọn kò lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà, nítorí náà àwọn kì yóò san kọ́bọ̀, kí ni a ó ṣe sí wọn? Irú ọ̀ràn yìí gan-an ni ó bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ọmọ Ẹ̀gbá kan ni a sì fi ṣe alága àwọn tí yóò wá ojútùú rẹ̀.

Olóyè Simeon Adébọ̀ ni ọkùnrin náà. A bí i ní Abẹ́òkúta ní 1913. Ó ṣe iṣẹ́ Réluwé, ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ó mọ ìwé ìṣirò owó dáadáa. Ìjọba tí ó sìn náà ni ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, èyí tí àwọn ọmọ Ọ̀tan jẹ níbẹ̀. Ní 1962 a rán an lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ náà.

Àwọn ọmọ-ogun Àjọ, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ti wà ní Kóńgò láti 1960. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là ni iṣẹ́ náà gbà kí wọ́n tó kúrò ní 1964. Rọ́ṣíà wí pé Ìgbìmọ̀ Ààbò nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá irú owó bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Faransé náà kọ̀. Ní July 1962, adájọ́ mẹ́sàn-án sí márùn-ún ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé wí pé owó Àjọ ni. Rọ́ṣíà kò mira. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Àjọ wí pé orílẹ̀-èdè tí ó bá jẹ gbèsè ọdún méjì, ìbò rẹ̀ bọ́. Amẹ́ríkà ń fẹ́ kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ìbò lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ta ni ó lè búra pé yóò dúró?

Nikolai Fedorenko ni ó jókòó fún Rọ́ṣíà, ọ̀mọ̀wé nínú èdè Ṣáínà, ẹni tí ó ti ṣe ògbufọ̀ láàárín Stalin àti Mao. Kì í ṣe ẹni tí a ń fi ariwo dẹ́rù bà.

Ní 1963, Adébọ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè 21. Wọn kò rí gbèsè náà gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, ní June ọdún náà, Àjọ fi ọwọ́ sí i pé agbára tálákà kò tó ti ọlọ́rọ̀ nínú irú ìnáwó yìí. Lójú tiwa, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ilẹ̀ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Nígbà tí ó di December 1964, lábẹ́ Alex Quaison-Sackey ará Gánà, gbogbo ìpàdé ń rìn bí ẹni ń tẹ ẹyin: wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dìbò rárá, kí òfin má baà mú ẹnikẹ́ni. Ní August 1965, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ dẹ okùn. Rọ́ṣíà kò san, ìbò rẹ̀ kò sì bọ́.

Adébọ̀ fi ipò aṣojú sílẹ̀ ní 1967, ó sì ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ Àjọ náà, UNITAR, láti 1968 di 1972. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni ó wà nígbà tí ìjọba ológun ké sí i láti wá yẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wò ní 1970. Owó oṣù lé sí i ní 1971, ọjà sì gbówó lórí. Àwọn àgbà oníṣòwò kò tí ì gbàgbé. Ó kú ní 1994.