Àpá Àtijọ́ Tó Tún Di Egbò: Ẹ Má Kàn Da Oògùn Sí I



Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Awọ tó bo ojú àpá kò lágbára bí èyí tí a bí mọ́ni: ó máa ń gbẹ, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn débẹ̀ dáadáa, ìfarapa kékeré sì lè bó o. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tó lè gba ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí ẹni tó bá fi falẹ̀: egbò Marjolin, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń hù lójú àpá.

Jean-Nicolas Marjolin, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ló kọ nípa irú egbò yìí ní 1828. Ojú àpá iná ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó tún lè wá láti ojú egbò ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ láìjinná, tàbí ibi tí egungun ti ń ṣọyún síta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í yá: ó lè tó 30 ọdún lẹ́yìn tí iná jóni. Ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lára lè ti di ìyá ọlọ́mọ kí ó tó rí i. Bí ojú àpá bá ń bó, tó ń jinná, tó tún ń bó, awọ ibẹ̀ kì í sinmi àtitún ara rẹ̀ ṣe, títí díẹ̀ nínú rẹ̀ á fi máa hù ní ìhùkúhù.

Kì í ṣe gbogbo àpá ló ń rí báyìí o. Ọ̀pọ̀ ló wà jẹ́ẹ́ títí ayé. Àpá tó wú tó sì ń yúnni, bí èyí tó máa ń wá níbi tí a ti lu etí, yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí a ó máa ṣọ́ ni:

• egbò lójú àpá àtijọ́ tí kò jinná títí oṣù 3;
• etí egbò tó ń ga tó sì ń le, tàbí ẹran tó ń hù nínú rẹ̀;
• òórùn, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìrora tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀;
• kókó ní abíyá tàbí ní ìpìlẹ̀ itan.

Ní ilé oògùn, a sábà máa ń rí àwọn tó ń ra kápúsù, tí wọ́n á tú u, tí wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Ìyẹ̀fun náà á gbẹ, á di èèpá, a ó rò pé ó ti ń san, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ń jẹra lọ. Oògùn tó ń pa kòkòrò kì í pa jẹjẹrẹ. Àsìkò tí a fi ń pààrọ̀ oògùn kan sí òmíràn ni àrùn fi ń wọ egungun.

Kí dókítà gé díẹ̀ lára egbò náà fún àyẹ̀wò ló máa yanjú ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ tí a sì tètè dé, wọn yóò gé e kúrò pẹ̀lú awọ díẹ̀ tó yí i ká, wọ́n á sì mú awọ láti ibòmíràn lẹ ojú ibẹ̀. Bí ó bá ti wọ egungun, ó lè gba kí wọ́n gé ẹsẹ̀.

Àwọn kan ń fi egbò pamọ́ nítorí òórùn, wọn ò sì wá sí mọ́sálásí mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sìn wa rọrùn: ẹni tí dókítà bá ní kí omi má kan egbò rẹ̀ lè fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì nígbà àlùwàlá, tàbí kó ṣe tàyámọ́mù, ẹ bi àáfà yín bí ẹ ó ṣe ṣe é. Wíwá ìtọ́jú kò tako gbígbára lé Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin òbí, bí iná bá jó ọmọ, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bí ó bá jinlẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lóṣù yìí, ẹ bi àwọn àgbà inú ilé yín léèrè nípa àpá àtijọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣomi, ẹ bá wọn lọ rí dókítà. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Àmín.