Iṣu inú ìgò: Bí wọ́n ṣe ń pa irúgbìn wa mọ́ nínú láàbù n'Íbàdàn

Kò sí àgbẹ̀ oníṣu kan ní Igbó-Ọrà, Èrúwà tàbí Láńlátẹ̀ tó lè kó gbogbo iṣu tó wà lọ sọ́jà. Bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún èbù ọdún tó ń bọ̀. Owó gidi ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ yẹn, bí àrùn bá sì ti wà lára iṣu náà tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ á kàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbin àrùn sínú ebè ni.

Ìṣòro kejì ni pé iṣu kò ṣeé dì sápò fi pa mọ́ bí àgbàdo. Irú èyí tí èèyàn kò bá gbìn fún ọdún méjì péré ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọjà ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n ń gbìn. Bó bá jẹ́ pé irú kan tó gún iyán dáadáa làwọn oníbàárà ń béèrè, díẹ̀díẹ̀ làwọn yòókù yóò máa wábi gbà.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní IITA, n'Íbàdàn, fi kan ará Ìbàràpá. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀, wọ́n sì ti ní ibi ìpamọ́ irúgbìn láti 1975. Oríṣi iṣu tó wà níbẹ̀ lé ní 5,000. Wọ́n ń gbìn ín sóko, wọ́n tún ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò ní láàbù, nítorí iná lè jó oko, àrùn sì lè wọ̀ ọ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NACGRAB, tó wà ní Moor Plantation láti 1987, náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á gé oríkèé kan lára ìtàkùn iṣu, wọ́n á fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ kí ìdọ̀tí tí ojú kò rí lè kú, wọ́n á wá fi sínú ìgò tí oúnjẹ wà. Omi, iyọ̀ oríṣiríṣi, fítámì, ṣúgà àti èròjà kan láti ara ewéko inú òkun, tó ń mú un dì bí ẹ̀kọ, ni oúnjẹ ọ̀hún. Èyí tí Murashige àti Skoog pò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962 ni ọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń lò. Bó bá jẹ́ àrùn ni wọ́n fẹ́ yọ, ṣóńṣó ọ̀mùnú tí kò tó mìlímítà kan ni wọ́n ń gé, nítorí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé ibẹ̀.

Bí ọ̀mùnú bá ti dàgbà, wọ́n á tún gé e sí oríkèé oríkèé. Ibí ni èrè wà. Lóko, iṣu kan kì í sábà mú èbù mẹ́wàá jáde, bẹ́ẹ̀ ọkà kan lè so ọ̀ọ́dúnrún. Nínú ìgò, gígé yìí kò lópin, kò sì dúró de òjò. Iṣẹ́ YIIFSWA, tí IITA bẹ̀rẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú owó àjọ Gates, ló gbé ọ̀nà bíi mélòó kan síwájú. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí gbòǹgbò iṣu máa rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ nínú àpótí, kí wọ́n sì máa fín omi oúnjẹ sí i. (Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní iṣu tí wọ́n yí ẹ̀dá rẹ̀ padà o. Àmúlà tó wọ ìgò, àmúlà náà ló ń jáde.)

Àmọ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Láàbù ń fẹ́ iná tí kì í lọ, gbogbo wa la sì mọ bí iná ṣe rí. Ọ̀mùnú inú ìgò kò mọ oòrùn, bí wọn kò bá rọra fi iyẹ̀pẹ̀ àti ibòji kọ́ ọ, á kú. Iṣu tó kọ́kọ́ ta kéré gan-an, ó di kí wọ́n tún un gbìn kó tó di èbù gidi. Bí gbogbo oko bá sì jẹ́ ọmọ ìyá kan ṣoṣo, àrùn kan lè kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Lójú tiwa, kò yẹ kí àgbẹ̀ máa lá àlá láàbù. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀mùnú di èbù ló yẹ kó sún mọ́ ọn, Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà n'Ígbó-Ọrà gan-an sì bá irú rẹ̀ mu. Ẹni tó bá fẹ́ ra èbù bẹ́ẹ̀ báyìí, kó béèrè ìwé ẹ̀rí àjọ irúgbìn ìjọba àpapọ̀, NASC, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó tó sanwó.