Adáránṣẹ́ àti Àtẹ̀jíṣẹ́-Àìpè

Fóònù ọlọ́jà ní Ìdúmọ̀tà, ní Erékùṣù Èkó, kì í sinmi. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti sọ pé owó oníbàárà ti dé báńkì. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó ń polówó tẹ́tẹ́ tí kò béèrè. Kò sí ènìyàn tí ó jókòó tẹ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ó ń retí ti àkọ́kọ́, ti èkejì sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á pa ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní spam àti bot pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Spam kò ṣeé tú ní olówuuru: orúkọ ẹran inú agolo kan ni, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1937. Àtẹ̀jíṣẹ́-àìpè ni mo dábàá, nítorí pé àlejò àìpè kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Fún bot, mo dábàá adáránṣẹ́: a + dá + rán + iṣẹ́, èyíinì ni ohun tí ó ń dá ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo yẹra fún ẹ̀rọ, nítorí pé bot kì í ṣe irin tí a lè fọwọ́ kàn. Àkójọ àṣẹ tí ń gbé inú ẹ̀rọ ni. Mo yẹra fún olè pẹ̀lú: adáránṣẹ́ báńkì kò ja ẹnikẹ́ni lólè.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí Ẹ̀yọ̀ tilẹ̀ bo ojú, akẹtẹ̀ rẹ̀ ń sọ ibi tí ó ti wá: ti Adímú dúdú, ti Làbà pupa. Orúkọ tí ó wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ kò ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ lè fi orúkọ ẹlòmíràn bojú. Ẹni tí ó bá sì fèsì ti jẹ́rìí fún un pé ẹnì kan wà nídìí nọ́ńbà náà.

Ní 2016, àjọ NCC pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kí oníbàárà lè fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá ìpolówó àìpè dúró. Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ pé “láti dá adáránṣẹ́ dúró”, ọlọ́jà yóò bẹ̀rù pé ìròyìn owó rẹ̀ náà yóò dákẹ́, yóò sì fi ìyà náà mọ́ra. Àtẹ̀jíṣẹ́-àìpè ni ó yẹ kí ó kọ.

Ó ku CAPTCHA, ìdánwò tí Luis von Ahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, tí a fi ń dá adáránṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ń pè é ní ìdánwò-ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn: àwọn adáránṣẹ́ kan ti ń yege níbẹ̀.