Ṣé O Mọ̀? Abẹ́rẹ́ Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Nínú Ilé

Bí dókítà bá kọ abẹ́rẹ́ Ozempic fún ọ nítorí àtọ̀gbẹ, yálà Osi lò ń gbé tàbí Iloffa, o lè máa gún un fúnra rẹ lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ ọ. Ṣé o mọ̀ pé:

• Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Má fi ọjà ọrọọrún kà á, nítorí ọjà ọrún máa ń tètè yí ká ju ọ̀sẹ̀ lọ. Mú Mọ́ńdè tàbí Sátidé. Bí o bá gbàgbé, má gún méjì pọ̀.

• Ikùn, itan tàbí apá òkè ni wọ́n ń gún un sí? Máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀.

• Inú fíríìjì ni èyí tí o kò tíì lò ń gbé? Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó lè wà níta fún ọjọ́ 56, bí ooru kò bá ju 30°C lọ. Èyí tó bá dì bíi yìnyín, sọ ọ́ nù.

• A kì í yá ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́, kódà ọkọ tàbí aya? Àrùn mẹ́dọ̀wú àti HIV lè gba ibẹ̀ wọlé.

• Ike líle onídèérí ló yẹ abẹ́rẹ́ tí a ti lò? Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Má jù ú sí ààtàn, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré.