Ẹ̀yìn tírélà tí awakọ̀ kì í rí: Kí ni kámẹ́rà tí kò lo wáyà lè ṣe ní Agbogbloshie?

Bí tírélà bá fẹ́ rìfáàsì wọ ọjà Agbogbloshie nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, ariwo lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Mótò bọ́ì á ti bọ́ sílẹ̀, á máa fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀, á máa pariwo pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀, títí tí yóò fi ní ó tó.

Awakọ̀ kò rí nǹkan kan lẹ́yìn. Dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń wò, àwọn dígí yìí kò sì lè fi ohun tó wà lẹ́yìn kọ̀nténà gan-an hàn án. Etí ló fi ń wakọ̀ lásìkò náà.

Àwọn tó sì máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò kéré. Àwọn kayayei wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin alábàárù, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti àríwá Ghana. Ẹrù ni "kaya" lédè Hausa, "yei" sì ni àwọn obìnrin lédè Ga. Ẹni tó ru bẹ́síìnì iṣu sórí kò lè ṣàdédé yí ọrùn wo ohun tó ń bọ̀. Àwọn ọlọ́mọláńkẹ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọdé.

Síbẹ̀, ẹni tí ewu súnmọ́ jù lọ ni mótò bọ́ì fúnra rẹ̀. Kó tó lè rí ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa, ó ní láti dúró síbi tí awakọ̀ kò ti lè rí i. Bó bá kọsẹ̀, tàbí tí ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó ní "dúró", kò sí ohun tó wà láàárín òun àti táyà mọ́.

Ohun tí àyè ń fúnpọ̀

Lóṣù Keje ọdún 2021, ìjọba kó àwọn alálùbọ́sà kúrò ní Agbogbloshie lọ sí Adjen Kotoku, wọ́n sì wó ibi tí wọ́n ti ń tú irin àlòkù palẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ irin kò kúrò ládùúgbò náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é sún lọ sí Old Fadama tó wà nítòsí, níbi tí ilé àti ènìyàn ti há mọ́ra. Ọkọ̀ ńlá kan náà ló ń kó irin, àyè tó fi ń yí padà ló kéré sí i.

Ẹni tó bá mọ ọjà Mile 12 nílùú Èkó kò nílò àlàyé púpọ̀. Bí tírélà tòmátò ṣe máa ń fi ẹ̀yìn wọlé láàárín èrò níbẹ̀ náà nìyẹn.

Òfin tí kò kan tírélà

Ọmọ ọdún méjì ni Cameron Gulbransen, ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ rìfáàsì pa á láìmọ̀ lọ́dún 2002. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi pe òfin tí Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù lọ́dún 2008. Lẹ́yìn náà, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé irú ìjàmbá báyìí ń pa nǹkan bí 210 ènìyàn lọ́dún, ó sì ń ṣe nǹkan bí 15,000 léṣe. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 4,536 kílò lọ ló gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà ẹ̀yìn níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ fi ń dé Accra àti Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà lára wọn. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà yẹn kò kan ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Kò kan tírélà pàápàá. Ọkọ̀ tó lè ṣeni ní jàm̀bá jù ló bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Bí ọkọ̀ tó ń fa nǹkan bá tilẹ̀ ní kámẹ́rà tirẹ̀, iwájú tírélà nìkan ni kámẹ́rà náà máa rí. Ó wúlò fún síso tírélà mọ́ ọkọ̀, lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Àwọn ìlà aláwọ̀ tó máa ń hàn lójú síkírìnì kò mọ̀ pé tírélà wà lẹ́yìn.

Kí ló dé tí wọn kò fi fẹ́ wáyà?

Orí tírélà kan lè fa ẹ̀yìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ oníwáyà, wáyà náà máa gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá ju mítà 12 lọ, a sì máa já a, a máa so ó, nígbàkúùgbà tí orí àti ẹ̀yìn bá pínyà. Ẹrẹ̀ àti òjò kò ní jẹ́ kó pẹ́. Èyí tí kò lo wáyà ń gba afẹ́fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí síkírìnì níwájú awakọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ fa ilé alágbèéká lọ gbafẹ́ wà lára àwọn tó ń rà á gan-an.

Ó ṣì nílò iná o, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ volt 12, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá jẹ́ 24. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà volt 12 nìkan ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, tó sì so ó mọ́ tírélà, iná lè jó o lójú ẹsẹ̀. Kí riwáyà ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kó tó gé wáyà kankan.

Ọ̀pọ̀ tírélà kò sì ní iná rìfáàsì rárá. Iná kékeré ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń so ó mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ tan iná ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan kó tó lè rí àwòrán.

Irin ni ìṣòro kejì. Kọ̀nténà dúró láàárín kámẹ́rà àti síkírìnì bí ògiri, ìgbì tó ń gbé àwòrán kò sì fẹ́ràn irin. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí ń lo ìgbì 2.4 GHz tí Wi-Fi àti Bluetooth fóònù náà ń lò, fóònù kò sì wọ́n lọ́jà. Bí ìgbì bá ṣe aláìlágbára lára irú ti àtijọ́, àwòrán á máa hó bí tẹlifíṣọ̀n tí kò rí ìbùdó, awakọ̀ á sì mọ̀ pé òun kò ríran mọ́. Irú tìgbàlódé mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun lè gan sójú kan. Àwòrán ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sẹ́yìn á ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà á dà bíi pé ó ṣófo, nígbà tí kayayei kan ti rìn wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Èyí burú ju kí síkírìnì kú pátápátá lọ. Bí ohunkóhun kò bá mì nínú àwòrán nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kí awakọ̀ tẹ bíréèkì.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú àpá òsì àti ọ̀tún náà ń da awakọ̀ láàmú. Kámẹ́rà rìfáàsì máa ń yí àwòrán padà bíi ti dígí. Bí wọ́n bá fi irú mìíràn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ẹni tó wà lápá òsì ọkọ̀ á hàn lápá ọ̀tún síkírìnì. Fi èyí kún un pé bí a bá ń rìfáàsì tírélà, òdìkejì ibi tí a bá yí sìtíárìn sí ni ẹ̀yìn tírélà máa kọ́kọ́ lọ, àní awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣìnà. Ibi tó ṣófo ló yẹ kó ti kọ́kọ́ dán an wò, kì í ṣe inú ọjà.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kan lè rò pé bí kámẹ́rà bá ti dé, owó mótò bọ́ì á dínkù. Ìṣirò yẹn kò dára ní Agbogbloshie. Kámẹ́rà kò lè sọ fún ìyá tó pàtẹ tòmátò sílẹ̀ pé kó gbé ọjà rẹ̀ kúrò lọ́nà, kò sì lè di ọmọdé tó ń sáré lọ́wọ́ mú. Ohun tó lè ṣe ni kó gba mótò bọ́ì lọ́wọ́ dídúró lẹ́yìn táyà. Ó lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ báyìí, níbi tí awakọ̀ ti ń rí i nínú dígí, kó máa lé èrò sẹ́yìn, kí síkírìnì sì máa wo ibi tí òun kò lè dúró sí mọ́.

Nígbà ọyẹ́, kí ọkọ̀ tó gbéra, kó fi aṣọ tútù nu ojú kámẹ́rà náà. Eruku ojú ọ̀nà láti àríwá wá sí Accra á ti bò ó kí ọkọ̀ tó dé ọjà, nítorí náà, kó tún nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ fún awakọ̀ pé kó máa bọ̀.