Ṣé O Mọ̀? Ọ̀sà, Ọkọ̀ àti Ọmọ Ladi-Lak

Láti àdúgbò Ladi-Lak dé etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà, ní Èkó, kò jìnnà rárá. Síbẹ̀, orí afárá Third Mainland ni ọ̀pọ̀ ará Ṣómólú àti Bàrígà ti ń wo ọ̀sà, láti inú mọ́tò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ ojú kan. Omi tó sún mọ́ ilé ẹni tó bẹ́ẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ìmọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbafẹ́ lórí omi àti àwọn tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà. Kà á, kí o sì kà á fún ọmọ rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti hú ọkọ̀ ojú omi tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Áfíríkà? Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, ló bá kan igi líle nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ àgbẹ́gi ni. Gígùn rẹ̀ tó mítà 8.4, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ọdún 8,000. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ fún àwọn píramíìdì Íjíbítì. Ẹni tó bá sọ pé òyìnbó ló kó ọkọ̀ wíwà wá bá wa, sọ ìtàn Dufuna fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò jìn? Fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín kìlómítà 3 sí 13. Odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń tú omi sínú rẹ̀, òun náà sì ń gba ẹnu èbúté Èkó wọ inú òkun. Nítorí pé kò jìn, ọkọ̀ ńlá tó ń ti òkè òkun bọ̀ kì í gba iwájú Bàrígà kọjá. Ọkọ̀ kékeré ló ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí kò jìn lè pani. Ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ a sì máa di ẹsẹ̀ mú. Gẹdú tó ń léfòó tún wà níbẹ̀, nítorí ojú omi yìí ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún fa igi lọ sí ibi ìlagi Oko Bàbà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Gẹdú tó rì díẹ̀ kì í hàn sójú ẹni tó ń sáré.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sà kan náà ń jẹ́ omi dídùn lásìkò kan, tó sì ń jẹ́ omi iyọ̀ lásìkò mìíràn? Bí òjò bá rọ̀ títí, odò á kún, á ti omi òkun sẹ́yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, omi iyọ̀ á sì wọlé. Ewé orí omi tó ń jẹ́ water hyacinth kò lè bá iyọ̀ gbé. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní omi Àgbádárìgì. Lásìkò òjò, a máa bo ojú omi bí ẹní, a máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì títí tí ọkọ̀ á fi dúró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á pa òun náà. Ẹni tó mọ èyí ti mọ oṣù tó yẹ kó kó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jáde.

Ṣé o mọ̀ pé òṣùpá lọ́wọ́ nínú bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà. Òṣùpá ló ń fà á, oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Lójoojúmọ́, àkókò tí omi ń kún máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Bí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá di àrànmọ́jú, kíkún omi máa ń ga jù, fífà rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé àkókò omi, kó má baà so ọkọ̀ rẹ̀ síbi tí omi wà láàárọ̀ kó wá bá a lórí ẹrẹ̀ lọ́sàn-án.

Ṣé o mọ̀ pé atẹ́gùn Èkó ní wákàtí iṣẹ́ tirẹ̀? Oòrùn máa ń mú ilẹ̀ gbóná kíákíá ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbóná, á gòkè, èyí tó tutù á sì ti orí òkun wá gba ipò rẹ̀. Nítorí náà ni atẹ́gùn apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ṣe ń le sí i bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò, apá ìlà-oòrùn ni ìjì ti ń wá. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dákẹ́, òjò á ṣú dùdù lápá ibẹ̀, ìjì á sì dé lójijì. Olùkọ́ rere kì í dúró wò ó. Bí òjò bá ti ń ṣú, ó ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ sétí omi. Àwọn àgbà wa kò ṣì í sọ: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ìgbòkun lè lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀? Kò lè kọjú sí i gan-an, ṣùgbọ́n ó lè fẹ̀gbẹ́ sí i ní nǹkan bí dígírì 45, kó rìn díẹ̀, kó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó tún rìn díẹ̀, títí tí á fi débẹ̀. Ìgbòkun tó tẹ̀ dáadáa ń jàǹfààní ìlànà kan náà tó ń gbé bàlúù dúró lójú ọ̀run, pákó tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn tì í gba ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ ṣe èyí fúnra rẹ̀ ló máa ń mọ̀ pé ohun tó ń ta kò ó náà lè gbé e débi tó ń lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀gá nídìí ìgbòkun ti wà lójú omi Bàrígà tipẹ́? Bojú wolẹ̀ láti orí Third Mainland, ìwọ yóò rí ọkọ̀ onígi tí yanrìn kún dé ẹnu, tó ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò àti tápólì rán pọ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn yìí ń mú korobá lọ́wọ́ rì lọ sísàlẹ̀, wọ́n á bù ú, wọ́n á gun àkàbà padà sókè, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀, wọ́n á tún padà. Bó bá kún, atẹ́gùn ni wọ́n fi ń gbé e dé èbúté. Yanrìn wọn wà lára ilé tí à ń gbé. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Ẹ̀gùn tó wà létí omi, láti Bàrígà dé Mákòkò, sì ti ń mú àjẹ̀ dání kí wọ́n tó mọ ìwé kà dáadáa. Ọmọ Ladi-Lak tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìṣesí atẹ́gùn kò ní láti wá olùkọ́ lọ sókè òkun.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1932 ni wọ́n dá Lagos Yacht Club sílẹ̀? Ẹgbẹ́ náà ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré ní Èkó fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Lára ọkọ̀ tí wọ́n fi ń díje ni Lightning, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Èèyàn mẹ́ta ló ń wà á. Ẹnì kan á di ìtọ́kọ̀ mú, àwọn méjì yòókù á máa bójú tó ìgbòkun, gbogbo wọn á sì jọ máa fi ara wọn ṣe ìwọ̀n kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe tinú rẹ̀, omi ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bá ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń fìyà jẹ ara rẹ̀? Bí ọkọ̀ kan bá fara gbá ọkọ̀ mìíràn, tí awakọ̀ sì mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi, òfin ní kó yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì lójú omi kó tó máa bá eré lọ. Bó bá kan àmì ìdíje, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò yí i. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti máa dé nítorí rẹ̀, síbẹ̀ yóò ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá fi èyí kọ́ra yóò mú un dé ọjà, dé ọ́fíìsì, dé ibi ìdìbò.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dé? Ó wà lára ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti wọ ẹ̀wù ìléfòó, olùkọ́ á wà nítòsí nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì da ọkọ̀ kékeré náà dé. Ọmọ á wá kọ́ bí òun ṣe máa gun pákó abẹ́ rẹ̀, tí á fi ìwúwo ara rẹ̀ gbé e dìde. Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé kó má ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé ṣì ń léfòó, ó sì rọrùn fún olùrànlọ́wọ́ láti rí ju orí èèyàn kan ṣoṣo lójú omi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló ti bómi lọ nítorí pé wọ́n fọkàn tán apá wọn láti dé èbúté.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wù ìléfòó, tí gbogbo èrò èbúté mọ̀ sí láífù-jákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe oríṣi kan? Wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 50 wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 100 sókè ni wọ́n ṣe kó lè yí ojú èèyàn sókè kúrò nínú omi. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Bí o bá di èjìká rẹ̀ mú tí o fà á sókè, tó sì gòkè dé etí ọmọ, ó ti tóbi jù fún un. Àjọ ọ̀nà omi NIWA ti ìjọba àpapọ̀ àti àjọ ọ̀nà omi LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó kò fàyè gba èrò tí kò bá wọ̀ ọ́, wọ́n sì ka ìrìn òru léèwọ̀ fún ọkọ̀ èrò. Bí awakọ̀ bá gbé èyí tó ti ya fún ọ, bèèrè òmíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Ṣé o mọ̀ pé epo ọkọ̀ ìgbafẹ́, ìpín mẹ́ta ni wọ́n ń pín in sí? Ìpín kan fún àlọ, ìkan fún àbọ̀, ìkẹta fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ tó gbọ́n tún máa ń so okùn kékeré kan mọ́ ara rẹ̀ láti ibi ẹ́ńjìnnì. Bó bá ṣubú sómi, okùn náà á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú kó tó yí padà wá bá a. Kó tó kúrò ní èbúté, ó ti sọ fún ẹnì kan lórí ilẹ̀ ibi tó ń lọ, iye èèyàn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti aago tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ṣé o mọ̀ pé iná ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ lóru? Pupa wà lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Bí o bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pa pọ̀ níwájú rẹ, ọkọ̀ náà dojú kọ ọ́ tààrà ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lára àwọn méjèèjì, ọ̀tún ni kálukú yóò yà sí. Bí ìwo bá dún kúkúrú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹnì kan ń sọ pé ohun tí o fẹ́ ṣe kò yé òun. Àmì pupa tó ń léfòó lẹ́nu èbúté Èkó sì wà lápá òsì ẹni tó ń ti òkun wọlé. Ní Amẹ́ríkà, apá ọ̀tún ni tiwọn wà. Ọmọ Bàrígà tó bá lọ wa ọkọ̀ ní Florida ní láti tún èyí kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ọ̀sà yìí ni ọ̀nà ọba, ọ̀nà ogun àti ọ̀nà ayẹyẹ? Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ojú omi lòun àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì padà tẹ̀dó sí. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé pé jọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà FESTAC ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977, eré ọkọ̀ ojú omi wà lára ohun tí wọ́n fi dá wọn lára yá.

Ṣé o mọ̀ pé àjẹ̀ ti gbé ọmọ Nàìjíríà dé Òlíḿpíìkì? Jonathan Akinyemi wa ọkọ̀ kékeré fún Nàìjíríà lójú omi tó ń ru gùdù ní London ní ọdún 2012. Ayomide Bello fi ọkọ̀ canoe gba wúrà mẹ́rin nínú ìdíje Áfíríkà ní Rabat ní ọdún 2019, ó sì lọ sí ìdíje Tokyo 2020, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fàyè gba àwọn obìnrin láti fi ọkọ̀ canoe díje ní Òlíḿpíìkì.

Ní ìkẹyìn, ṣé o mọ̀ pé pákó plywood méjì péré ni ọkọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1947, ní ìlú Clearwater ní Florida, Clark Mills ya àwòrán ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan tó ń jẹ́ Optimist. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ohun tí kò wọ́n, tí òbí lè kàn fún ọmọ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò pé mítà méjì àbọ̀. Lónìí, àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 15 lọ ń fi díje káàkiri ayé.

Pákó wà ní Èkó. Káfíńtà wà ní Ṣómólú. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ wà ní Mákòkò, àwọn tó mọ atẹ́gùn sì wà ní Bàrígà. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa lè fi ọkọ̀ kékeré mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó tó pé iye ọmọ, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan fún ìdóòlà, ìwé àṣẹ, àti àgbà Ìlàjẹ kan tí wọ́n ń san owó fún bí olùkọ́. Bí ọmọ rẹ bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, má ṣe fi omi dẹ́rù bà á. Mú un lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ná.